Auntie Lateefat àti Eegun Àgbò Iléyá

Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, gbogbo wa tí a ń kírun ní mọ́sáláṣí wa ní Pickering ti mọ ohun tí Auntie Lateefat máa bèèrè. Wọn kì í bèèrè itan, wọn kì í bèèrè ẹ̀dọ̀, orí àgbò pàápàá ò kàn wọ́n. Eegun ni wọ́n ń fẹ́. Eegun ojúgun àti eegun apá, odindi, kí ẹnikẹ́ni má fi àáké là á. Wọ́n á dúró síbi tí àwọn obìnrin ń bọ́ bàtà sí, wọ́n á máa rán àwọn èèyàn létí lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ̀ríntẹ̀rín, àwọn èèyàn á sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Alhaja àgbà kan bi wọ́n lọ́dún kan pé, "Ìyá Rayyan, ajá mélòó gan-an lẹ ń sìn nínú ilé yẹn?"

Auntie ní, "Ẹ ṣáà bá mi tọ́jú eegun mi, Alhaja. Tí ẹ bá fẹ́ rí àwọn ajá náà, ẹ yà kí wa ní Sátidé."

Alhaja ò lọ. Èmi lọ. Rayyan, ọmọ wọn, ọ̀rẹ́ mi ni, ó sì ti sọ fún mi pé ìyá òun ń fi ẹ̀rọ dá ihò sí eegun nínú gáréèjì, pé wọ́n sì ń fún eegun náà ní sóbò mu. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní fẹ́ lọ wò ó? Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ò ti kúrò lọ́kàn mi mọ́. Mi ò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn níbì kankan o. Orí fóònù ni mo ti ń ka nǹkan, inú ọkọ̀ ojú irin láti Pickering sí ibùdókọ̀ Union ní Toronto ni mo ti ń wo fídíò. Ṣùgbọ́n gáréèjì Auntie Lateefat gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún yín. Ìwó ni wọ́n ti bí wọn. Nígbà tí àwọn àti ọkọ wọn, Uncle Sàlísù, dé Canada, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Scarborough ni Auntie ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, wọ́n ń wẹ arúgbó, wọ́n ń fún arúgbó lóúnjẹ. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan dákú níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì méjì wọlé, wọ́n kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì mú bàbá náà padà wá sáyé. Auntie ní ohun tó wú àwọn lórí jù ni pé kò sẹ́ni tó pariwo nínú àwọn méjèèjì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Oshawa. Rayyan ṣì kéré nígbà náà. Uncle Sàlísù á ti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to mọ́tò dé, wọ́n á gba ọmọ, Auntie á gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó di ilé ìwé. Lónìí, Auntie ti di paramédìkì tó gbó lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń gun áńbúláǹsì káàkiri Pickering, Ajax àti Oshawa, pẹ̀lú híjáàbù búlúù tó bá aṣọ iṣẹ́ wọn mu rẹ́gí.

Báwo wá ni eegun ṣe bá áńbúláǹsì tan? Ẹ fara balẹ̀, ibi tó dùn nìyí.

Tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ bá jáde lára èèyàn, ara á fún àwọn iṣan apá àti ẹsẹ̀ pọ̀, kí ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó kù lè máa lọ sí ọkàn àti ọpọlọ. Ara gbọ́n, àbí? Ṣùgbọ́n iṣan apá yẹn náà ni nọ́ọ̀sì máa ń ki abẹ́rẹ́ dírípù bọ̀. Á wá pẹlẹbẹ bíi rọ́bà tí kò lómi nínú. Ìgbà tí èèyàn nílò ọ̀nà yẹn jù lọ ni ọ̀nà yẹn máa ń sá pamọ́. Eegun ní tirẹ̀ kì í sá. Inú eegun ò lè pẹlẹbẹ. Mùdùnmúdùn tí a máa ń fà mu nínú eegun ẹran yẹn, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì já sọ́nà ọkàn. Tí ẹ bá dá ihò sí eegun ojúgun tàbí ti èjìká, tí ẹ rọ omi dírípù sí i, omi náà á dé ọkàn kíá, bí ẹni pé inú iṣan gan-an lẹ gbé e gbà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣe ni mo di ojúgun ara mi mú, mo ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Auntie ti mọ gbogbo èyí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é fún èèyàn gidi, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ 401 lẹ́yìn tí ọkọ̀ méjì forí gbárí, ọwọ́ wọn gbọ̀n, nítorí eegun gidi ò jọ eegun oníke tí wọ́n fi kọ́ wọn. Ti oníke á kàn gbà fún ọ. Ti gidi á kọ́kọ́ bá ọ jà, á wá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ lójijì, tí o ò bá sì mọ ìgbà tó jọ̀wọ́, o lè gún un já sí òdì kejì. Ẹni yẹn yè, àmọ́ Auntie pinnu pé ọwọ́ àwọn ò ní gbọ̀n bẹ́ẹ̀ mọ́. Eegun ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹgbẹ́ wọn fi ń kọ́ ọ. Auntie ò fẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ wọ ilé wọn. Wọ́n rò ó títí. Iléyá wá dé, Uncle Sàlísù gbé àgbò tí wọ́n ti lọ pa ní oko kan lókè Oshawa wọlé, Auntie wo apá àgbò yẹn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Tí ẹ bá wọ gáréèjì náà lọ́jọ́ Sátidé, táyà ìgbà òtútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àpò ìrẹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, tábìlì gígùn kan sì wà láàárín. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ paramédìkì máa ń wá, àwọn akẹgbẹ́ Auntie náà máa ń wá, pàápàá Jessica, ọmọ Oshawa kan tí Auntie ti ń kọ́ láti ìgbà tó ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Uncle Sàlísù ni ọ̀gá sóbò. Uncle ló ń sè é, wọn kì í fi atalẹ̀ sí i, nítorí èérún atalẹ̀ máa ń dí abẹ́rẹ́. Wọ́n á rọ ọ́ sínú àwọn àpò dírípù tó ti ṣófo, wọ́n á gbé e kọ́ sórí ìkọ́ tó yẹ kí kẹ̀kẹ́ Rayyan wà, wọ́n á wá máa ráhùn sí gbogbo àlejò létí pé àwọn ọkùnrin mìíràn ń se sóbò fún ìyàwó, ìyàwó ń mu ún, ṣùgbọ́n ìyàwó tiwọn ń gbé e fún eegun. Auntie á ní, "Àlàmú, ẹ so àpò kejì kọ́, ẹ má pa wọ́n lẹ́rìn-ín." Àlàmú ni oríkì Uncle, òun náà ni Auntie máa ń pè wọ́n tí inú wọn bá dùn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló ń bá ara wọn díje lórí tábìlì yẹn: rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró fún iṣan apá, eegun ojúgun, àti eegun apá láti ìhà èjìká. Wọ́n ti rẹ́ ìdí àwọn eegun náà kí sóbò lè máa ṣàn jáde sínú abọ́ lójú gbogbo èèyàn. Auntie á ṣí gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Rọ́bà ló máa ń borí. Tí abẹ́rẹ́ bá fẹ̀, tó sì wọlé dáadáa, kò sí eegun tó lè bá a sáré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa wo ara wọn, wọ́n á ní ṣebí àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀. Auntie ò ní bá wọn jiyàn. Wọ́n á fa gbogbo omi inú rọ́bà náà jáde kó pẹlẹbẹ, wọ́n á fi aṣọ bò ó, wọ́n á wá ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù wá ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ẹ ò rí bí òógùn á ṣe bò ó. Á máa wá iṣan, á máa gún ibí, á máa gún ọ̀hún, ẹni tó wà nídìí eegun ti dá ihò, ó ti so okùn mọ́ ọn, ó ti káwọ́ gbera.

Lẹ́yìn ìyẹn ni eegun wá kojú eegun. Ojúgun rọrùn láti rí, awọ fẹ́lẹ́ ló bò ó. Àmọ́ sóbò rẹ̀ máa ń lọ́ra, àfi tí wọ́n bá fi àpò alátẹ́gùn tí wọ́n ń fọwọ́ fún ká dírípù náà kó lè máa tì í wọlé. Ti èjìká yá jù ú lọ, ó sì sún mọ́ ọkàn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń fẹ́ ọwọ́ tó mọ ibi tó ń lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà lé ìdodo rẹ̀, kí èjìká yí síwájú, kí orí eegun lè yọ sí yín. Tí ẹ bá sì ti ṣe é tán, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó gbé apá yẹn sókè mọ́. Auntie ní tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní ikùn tàbí ní òkè itan, èjìká ni kí ẹ lọ, kí ohun tí ẹ ń rọ má baà gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó ya kọjá kó tó dé ọkàn.

Ìgbà tí inú gbogbo wa bá ti ń dùn, tí a rò pé a ti mọ nǹkan, ni wọ́n máa ń sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Wọ́n á ní omi iyọ̀ inú dírípù kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, á sọ ẹ̀jẹ̀ tó kù lára di omi lásán, á tún ṣí ojú ibi tó ti fẹ́ dì. Díẹ̀ ni kí ẹ fún un, kí ẹ fi sìn ín dé ọsibítù níbi tí ẹ̀jẹ̀ gidi wà. Kí ẹ tó ronú kan ọ̀nà kankan, ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nìyẹn nígbà tí Iléyá ọdún tó kọjá dé.

Màmá, ìyá Uncle Sàlísù, wá láti Ìwó lọ́dún náà. Ìgbà àkọ́kọ́ wọn ní Canada nìyẹn. Alhaja gidi ni Màmá, ìborùn funfun tí wọ́n rà bọ̀ láti Mẹ́kà kì í kúrò léjìká wọn. Wọ́n fẹ́ràn ìyàwó ọmọ wọn. Ẹ ò lè rí i kí ẹ má fẹ́ràn rẹ̀: láràárọ̀, Auntie á ti wọ aṣọ iṣẹ́ tán, bàtà ńlá ti wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n á wá kúnlẹ̀ pẹ̀lú eékún méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá, wọ́n á kí wọn kí wọ́n tó jáde. Ohun kan ṣoṣo tí Màmá ò fẹ́ ni ọ̀rọ̀ eegun. Wọ́n ní ìtìjú ni kí ìyàwó ilé àwọn máa tọrọ eegun kiri bí ẹni tí ebi ń pa.

Màmá náà sì ní ẹ̀kọ́ tiwọn nípa ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀kọ́ yẹn, kò sí ilé wa tí kò dé: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dín, ẹ fún un ní mọ́ọ̀tì, ẹ pò ó mọ́ mílíìkì alágolo. Ọjọ́ tí Auntie lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní Ajax, Màmá ti po tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Auntie kúnlẹ̀ gbà á, wọ́n mu ún tán, wọ́n ní ẹ ṣé, Màmá.

Nígbà tí a kírun Yídì tán, èmi àti ìdílé wọn padà sílé wọn ní Ajax. Àgbò ti dé látoko láti òwúrọ̀. Àwọn tó pa á ti fẹ́ bá Uncle Sàlísù gé e wẹ́wẹ́, Uncle kọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ara àwọn ni àwọn fẹ́ fi pín in, ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún ẹbí àti ará àdúgbò, ìdá kan fún aláìní. Wọ́n gbé tábìlì sẹ́yìnkùlé. Oòrùn mú, àwọn ará ilé kejì ń gé koríko wọn. Èmi ń di ọ̀rá tí a ń kó ẹran sí mú, Uncle ń yọ ẹran kúrò lára eegun apá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé Auntie ti ní kí ọ̀bẹ má ba eegun náà jẹ́. Wọ́n ń fa ọ̀bẹ náà sí ara wọn. Wọ́n tún ń fi Auntie ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ní àgbò yìí á mu sóbò títí di ọ̀la. Ọ̀bẹ yọ̀ lára ọ̀rá ẹran. Ó wọ òkè itan wọn, níbi tí itan ti pàdé ikùn.

Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú fídíò. Ìyẹn ò jọ eléyìí rárá. Eléyìí kò kán, ṣe ló ń ru jáde bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣí tán. Uncle jókòó sí koríko. Mo pe Rayyan, Rayyan pe áńbúláǹsì lórí fóònù, ó ń dárúkọ òpópónà wọn fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn rẹ̀ ti ga bíi ti ọmọdé.

Auntie ti ilé ìdáná jáde pẹ̀lú ṣíbí ìrẹsì lọ́wọ́. Mi ò rí ìgbà tí ṣíbí yẹn bọ́. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n ti wà nílẹ̀, orí eékún méjèèjì, wọ́n ti ki ẹ̀ṣẹ́ bọ ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n fi gbogbo ìwọ̀n ara wọn lé e. Ọgbẹ́ yẹn ti ga ju ibi tí wọ́n ti lè fi okùn dì í. Ọwọ́ nìkan ló lè dá a dúró. Auntie ò pariwo. Wọ́n kàn ń pe oríkì ọkọ wọn léraléra, jẹ́jẹ́, kí wọ́n lè máa dáhùn.

Uncle ní, "Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tán lára. Màmá gbọ́ ọ. Màmá ti wọlé, Màmá ti jáde, mọ́ọ̀tì tí wọ́n ti po mílíìkì mọ́ wà nínú kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ síhà orí ọmọ wọn.

Màmá ní, "Yàgò díẹ̀, Ìyá Rayyan. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ń tán."

Auntie ní, "Màmá, ẹ má fún wọn."

Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ kí Auntie sọ "ẹ má" fún Màmá rí. Èmi mọ ìdí rẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ wa: ara tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà fún ọkàn ti gbàgbé ikùn, ohun tí ẹ bá rọ sẹ́nu á kàn jókòó síbẹ̀ ni, ẹni náà á bì í, eébì á sì gba ọ̀nà èémí wọlé, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń tọrọ omi?

Màmá ní, "Èmi lò ń sọ̀rọ̀ sí bẹ́ẹ̀?" Kọ́ọ̀bù ti kan Uncle létè.

Auntie gbé ojú sókè wò wọ́n. Ọwọ́ wọn ò yẹ̀. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ wò mí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà níwájú yín yìí. Tí mo bá dìde, Àlàmú á kú. Ẹ bá mi gbé kọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀, ẹ fún mi ní ìborùn yín."

Màmá wo eékún Auntie nínú koríko. Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Mi ò mọ ohun tó kọjá lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n gbé kọ́ọ̀bù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ká ìborùn Mẹ́kà kúrò léjìká, wọ́n nà án fún ìyàwó wọn. Auntie fi ìka ki í bọ inú ọgbẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ki í, wọ́n ń ki í, títí tí àyè ò fi sí mọ́, wọ́n wá padà fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Funfun ìborùn yẹn di pupa. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ò ru jáde mọ́. Auntie wá sọ fún Màmá pé kí wọ́n gbé orí Uncle lé itan wọn, kí wọ́n fi ìka tó tutù máa kàn án létè nìkan, kí wọ́n má sì jẹ́ kó sùn. Màmá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oríkì ọmọ wọn ni wọ́n ń kì.

Nígbà tí áńbúláǹsì dé, Jessica ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó rí ẹni tó wà nílẹ̀, ó rí ẹni tó kúnlẹ̀ tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró díẹ̀, ó sì tún yá. Ó di apá Uncle mú, ó wá iṣan, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Òfo. Iṣan ti pẹlẹbẹ, rọ́bà inú gáréèjì gẹ́lẹ́. Kò dán an wò lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin tí wọ́n jọ wá ti mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu eegun jáde, ó ti ń fọwọ́ wá ojúgun Uncle, nítorí òun ló sún mọ́ ọn. Jessica wo Auntie.

Èmi náà wo Auntie. Auntie mọ̀ ọ́n ju gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ, ọwọ́ wọn ò sì ráyè, ìyàwó sì ni wọ́n lọ́jọ́ yẹn, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́. Wọ́n kàn sọ fún Jessica lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn wọn lélẹ̀, pé kó má wo àwọn, pé ó mọ̀ ọ́n.

Jessica bá gbé àtẹ́lẹwọ́ Uncle Sàlísù, ó gbé e lé ìdodo Uncle fúnra wọn.

Ẹ gbà mí gbọ́. Kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà tí mo ti mọ̀ pé èjìká ló ń lọ. Ó fi àtàǹpàkò wá orí eegun, ó rí i, ẹ̀rọ ké fún ìgbà díẹ̀, ó sì dákẹ́ níbi tó yẹ kó dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Màmá di ojú. Wọ́n fi oògùn tó ń pa ìrora sí ihò náà, wọ́n so dírípù mọ́ ọn, wọ́n fi àpò alátẹ́gùn fún un. Uncle kérora nígbà tí omi wọlé, nítorí omi tó ń tẹ mùdùnmúdùn ló máa ń dun èèyàn ju abẹ́rẹ́ lọ. Ìkérora yẹn dùn mọ́ mi nínú ju orin lọ. Wọn ò fún Uncle ní púpọ̀. Ìwọ̀nba tí Uncle fi lajú, tí wọ́n fi mọ orúkọ ara wọn, ni wọ́n rọ, ó sì di ojú ọ̀nà ọsibítù ní Toronto. Auntie bá wọn wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ìdajì ìkúnlẹ̀ ni wọ́n wà, ọwọ́ wọn ṣì wà lórí ìborùn.

Lẹ́yìn náà ni Auntie sọ fún wa ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní Uncle ń wo àpò dírípù tó ń mì lókè, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wá bèèrè pé, "Ìyá Rayyan, ṣé ẹ rí i dájú pé kì í ṣe sóbò mi ni wọ́n ń rọ sí mi?" Auntie ní ibẹ̀ ni omi ojú àwọn ti já bọ́, nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó lè ṣe yẹ̀yẹ́ ṣì wà nínú ara yẹn.

Ní ọsibítù, wọ́n fún Uncle ní ẹ̀jẹ̀ gidi, wọ́n rán iṣan tó ya. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà bèèrè ẹni tó ki aṣọ bọ ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Auntie tọ́ka sí Màmá. Wọ́n ní Màmá ló ni aṣọ náà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí kò sí lórí koríko yẹn, kò sì sí nínú áńbúláǹsì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Uncle wọlé ni Màmá ti ń gbé báàgì kan káàkiri ọsibítù. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì alágolo ló wà nínú rẹ̀. Wọn ò yọ ọ́ jáde, wọn ò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Auntie náà rí báàgì yẹn, wọn ò ní kí Màmá gbé e sílé. Nígbà tí dókítà wá ní Uncle lè máa jẹun, kó sì máa mu ohun tó bá wù ú, Auntie gba báàgì náà. Wọ́n ṣí mọ́ọ̀tì, wọ́n lu agolo mílíìkì, wọ́n pò ó. Wọ́n wá kúnlẹ̀ sórí táìlì ọsibítù, eékún méjèèjì, lójú àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́ọ̀bù náà sí ìyá ọkọ wọn.

Wọ́n ní, "Màmá, ó ti kan ọ̀nà ẹnu báyìí. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

Màmá gbà á. Wọ́n fún ọmọ wọn mu, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán. Wọ́n wo ojú Uncle, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n padà. Mo mọ̀ pé mọ́ọ̀tì ló kù."

Auntie ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Mo ti wá sọ fún ara mi pé tí mo bá dàgbà tán, irú "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n sọ.

Ní Iléyá ọdún yìí, Màmá tún wá. Ìborùn tuntun ló wà léjìká wọn, Auntie ló rà á. Uncle Sàlísù kírun lórí àga nítorí ẹsẹ̀ yẹn ò tíì fẹ́ kúnlẹ̀ dáadáa, ẹnu wọn nìkan ni kò ní àléébù. Nígbà tí a jáde, mo wá Auntie síbi tí àwọn obìnrin ń bọ́ bàtà sí, n ò rí wọn. Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Màmá ló dúró síbẹ̀. Alhaja tó bèèrè ọ̀rọ̀ ajá lọ́jọ́sí ló wà níwájú wọn pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́, Màmá sì ti ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá náà, wọ́n ń fọwọ́ wá nǹkan nínú rẹ̀.

Màmá ní, "Ti èjìká lẹ mú wá? Ẹ ṣé gan-an, Alhaja. Ẹ ò fi àáké là á, àbí?"